"Ẹgbẹ́ wo ló ń ṣe rálì?" Ìrírí tèmi

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ eré ìdárayá tí èèyàn ń dá wò, tí àwọn tó yí i ká ò kà sí, la ń sọ níbí. Mo ti gbọ́ ti ẹni tó ń dá wo ìje alùpùpù, mo gbọ́ ti arábìnrin tó ń jí wo Formula 1 nílé àwọn àna rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi náà. Rálì ni tèmi.

Kì í ṣe rálì òṣèlú o. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ lọ bá oní-ilé-ìwòran bọ́ọ̀lù tó wà ládùúgbò wa ní Òṣogbo pé kó bá mi yí ọ̀kan nínú àwọn tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ sí rálì fún wákàtí kan péré, ohun tó bi mí ni pé, "Ẹgbẹ́ wo ló ń ṣe é?" Mo ṣàlàyé fún un pé eré-ìje ọkọ̀ ni, pé orí yẹ̀pẹ̀, orí òkúta, àní orí yìnyín pàápàá ni wọ́n ti ń sá a. Mo ní ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń dá gbéra. Tí ọ̀kan bá lọ, wọ́n á dúró fún ìṣẹ́jú mélòó kan kí wọ́n tó tú èkejì sílẹ̀. Ó fara balẹ̀ gbọ́ mi, ó wá ní, "Tí wọn ò bá jọ sáré pọ̀, ta ni wọ́n wá ń lé?" Ìbéèrè gidi ni, mo sì ti gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀pọ̀ èèyàn láti ọjọ́ náà. Ìdáhùn mi ò tíì yí padà: aago ni wọ́n ń lé.

Èjìgbò ni wọ́n bí mi sí. Ẹni tó bá mọ Èjìgbò á mọ̀ pé agbo ilé díẹ̀ ló wà níbẹ̀ tí kò ní èèyàn ní Àbíjàn. Ọkọ̀ ń gbéra láti ìlú wa lọ síbẹ̀ tààrà. Tí àwọn ọmọ ibẹ̀ bá wálé ọdún, Faransé ni wọ́n fi ń bú ara wọn. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí gbogbo ilé ń pè ní Bàbá Àbíjàn, ta ọjà ní Adjamé, àdúgbò kan ní Àbíjàn, fún ohun tó lé ní ogún ọdún. Bàbá tèmi ò lọ. Ọkọ̀ ló ń wà ní tirẹ̀, Pijó 504 onílà ìjókòó mẹ́ta, láti Èjìgbò sí Ògbómọ̀ṣọ́, sí Ìlọrin, nígbà mìíràn sí Ìbàdàn. Kàdúná ni wọ́n ti to Pijó náà, níbi tí wọ́n ti ń tò ó láti 1975.

Iléyá ọdún kan tí mo ṣì wà ní pírámárì, Bàbá Àbíjàn wálé. Ó yí Pijó bàbá mi po lẹ́ẹ̀kan, ó fi ọwọ́ lu bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ jẹ́jẹ́, ó ní, "Irú mọ́tò yìí ni àwọn òyìnbó fi ń sáré nínú igbó lọ́dọ̀ wa lọ́hùn-ún. Òun ló sì gba ipò kìíní." Ó ní òun ń lọ kó ọjà lọ́nà Bouaké nígbà tí awakọ̀ àwọn ya sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lójijì. Àwọn ará abúlé ti tò sí etí ọ̀nà. Wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ ìró, lẹ́yìn náà èruku pupa dìde, ọkọ̀ kan sì já jáde láti inú rẹ̀. Ó fò, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kúrò nílẹ̀, ó balẹ̀, ó lọ. Ó ní ó pẹ́ kí àwọn tó wà létí ọ̀nà tó rí ojú ara wọn.

Mo sọ ọ́ nílé ìwé. Wọ́n ní irọ́ ni mò ń pa. Ṣé Pijó tí ń kó iṣu lọ sọ́jà náà ni òyìnbó á gbé sáré? Tíṣà wa pàápàá rẹ́rìn-ín. Ó dùn mí débi pé mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni mọ́ títí mo fi dàgbà.

Nígbà tí mo wọ póli ni mo tó rí ibi tí mo ti lè wá a. Mo san owó wákàtí kan ní kafé, mo tẹ "Peugeot 504" àti "Abidjan", mo sì jókòó ti kọ̀ǹpútà náà títí owó mi fi tán. Rallye Bandama ni orúkọ eré náà, odò Bandama ni wọ́n fi sọ ọ́. Ní 1978, ọdún tó kọ́kọ́ wọ ìdíje àgbáyé, Jean-Pierre Nicolas fi Peugeot 504 gbà á. Ọdún yẹn náà ló fi 504 gba Safari, rálì ti Kẹ́ńyà. Ṣáájú rẹ̀, ní 1975, Ove Andersson ti fi 504 gba Safari. Ṣáájú ìyẹn náà, 404, tí àwọn bàbá wa mọ̀ dáadáa, ti gbà á ní 1963, 1966, 1967 àti 1968. Ti 1963 yẹn, ọkọ̀ 84 ló gbéra, méje péré ló parí. Bandama ti 1972 ló tilẹ̀ yà mí lẹ́nu jù: ọkọ̀ kan ṣoṣo kò parí rẹ̀. Omi bọ́ lójú mi ní kafé yẹn. Bàbá Àbíjàn ò purọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ kún un o. Ti Nicolas ò rí bíi ti bàbá mi gan-an. Onílẹ̀kùn méjì ni, ẹ́ńjìnnì V6, onísílíńdà mẹ́fà, ló sì wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n 504 ni.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń tẹ̀ lé rálì. Àwọn tó ń wo bọ́ọ̀lù ò lè mọ bí ó ṣe máa ń rí kéèyàn ní ayọ̀ tí kò rí ẹni sọ ọ́ fún. Tí Arsenal bá jẹ góòlù, gbogbo àdúgbò á ké. Tí awakọ̀ tèmi bá fi ìdá mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá kan borí ní Finland, èmi àti fóònù mi la ó jọ dákẹ́. Mi ò sì lè máa wo fídíò rẹ̀ nígbà gbogbo torí dátà, nítorí náà àkókò ni mo máa ń kà. Wọ́n ń kọ àkókò ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan sórí ìkànnì bí ó bá ṣe ń kọjá ní ibi kan sí ibi kan. Tó o bá mọ̀ ọ́n kà, wàá rí ọkọ̀ náà nínú nọ́ńbà. Bí nọ́ńbà ẹnì kan bá dúró, tí kò sún mọ́, àyà á já ọ.

Ṣùgbọ́n ohun tó so mí mọ́ rálì pátápátá ni ẹnì kejì tó ń jókòó ti awakọ̀. Ẹni méjì ló ń wà nínú ọkọ̀: ọ̀kan ń wà á, èkejì ń ka ìwé ọ̀nà. Kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n á rọra gba ọ̀nà náà kọjá lẹ́ẹ̀mejì péré. Awakọ̀ á máa pe ohun tó rí, ìkejì rẹ̀ á máa kọ ọ́ sílẹ̀: kọ́nà wo ló ká, níbo ni òkúta wà, níbo ni ọkọ̀ á ti fò. Ọ̀pọ̀ wọn máa ń fún kọ́nà ní nọ́ńbà, 1 fún èyí tó ká jù, 6 fún èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tọ́. Lọ́jọ́ ìje, etí ni awakọ̀ fi ń wakọ̀. Èruku lè bo gbogbo iwájú, ó ti mọ̀ pé òsì 3 ló ń bọ̀. Bí ìkejì rẹ̀ bá ṣèèṣì ṣí ewé méjì pọ̀, inú igbó ni wọ́n ń lọ yẹn.

Nígbà tí mo lóye èyí, bàbá mi ni mo rántí. Iná iwájú Pijó náà lápá òsì kì í tàn dáadáa, bó ti wù kí wọ́n tún un ṣe tó. Tí mo bá bá a lọ, tí ilẹ̀ bá sì ṣú bá wa lọ́nà Ògbómọ̀ṣọ́, iwájú ni mo ń jókòó sí, iṣẹ́ mi sì ni kí n máa pe ọ̀nà. "Kòtò lọ́wọ́ òsì. Ewúrẹ́. Afárá." Kì í dá mi lóhùn. Mo kàn máa rí i tí ọwọ́ rẹ̀ á yí díẹ̀ lórí sítíárì.

Ọdún kẹta lẹ́yìn tí bàbá mi kú, mo mú ìwé olójú-ewé ogójì kan, mo gun ọ̀kadà láti Èjìgbò dé Ògbómọ̀ṣọ́, mo sì kọ ìwé ọ̀nà fún gbogbo rẹ̀. Ọ̀tún 5, gígùn, òsì 3, má gé e, kòtò ní àárín. Ọlọ́kadà náà ń dúró bí mo bá ti ní kó dúró, kò sì ráhùn. Nígbà tí a débẹ̀, ó bi mí bóyá ìjọba ló fẹ́ wá tún ọ̀nà náà ṣe. Ó wù ú gidi gan-an. Mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ ṣàlàyé ohun tí mò ń ṣe fún un. Mo ṣì ní ìwé náà.

Ó wá di 2021. Láti 2002 tí Safari ti kúrò nínú ìdíje àgbáyé, kò sí ìdíje náà kankan ní Áfíríkà mọ́, ọdún mọ́kàndínlógún gbáko. Nígbà tí wọ́n ní yóò padà sí Naivasha ní Kẹ́ńyà ní oṣù kẹfà, mo ti ń tọ́jú owó dátà láti oṣù kẹrin. Oṣù tí eré náà bọ́ sí ni wọ́n ti Twitter pa ní Nàìjíríà, ibẹ̀ sì ni àwa tí a ń dá wo rálì ti máa ń rí ara wa. Mo ní ọ̀rẹ́ kan ní Nakuru, ní Kẹ́ńyà, tí mi ò fojú kàn rí. Òun ló ń ya fọ́tò èruku ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Èruku wọn jọ tiwa pátápátá.

Thierry Neuville, ọmọ Bẹ́ljíọ̀mù, ni mo gba tiẹ̀. Títí di ìgbà náà, ẹ̀ẹ̀márùn-ún ló ti ṣe ipò kejì lágbàáyé, kò sì tíì gba ife ẹ̀yẹ rí. Ní alẹ́ Sátidé, òun ló wà níwájú pẹ̀lú nǹkan bí ìṣẹ́jú kan. Ní òwúrọ̀ Sunday, June 27, mo jí nígbà tí ilẹ̀ ò tíì mọ́, torí wákàtí méjì ni Kẹ́ńyà fi ṣáájú wa. Mo wà níwájú ilé pẹ̀lú fóònù nígbà tí mẹkáníìkì kan tí a jọ ń gbé inú ọgbà jáde wá fọ ẹnu. Ó wò ó lẹ́yìn mi. Lójijì la rí ẹ̀yìn ọkọ̀ Neuville tó ń fò sókè sódò lórí òkúta. Mẹkáníìkì náà yọ búrọ́ṣì lẹ́nu, ó ní, "Ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn ló lọ yẹn. Ó ti parí." Èmi ní rárá, bóyá táyà ni. Ó ní, "Ṣọ́ọ̀kì ni." Kò pẹ́ tí àwọn tó ń sọ̀rọ̀ lórí eré náà fi jẹ́rìí sí i. Ọkùnrin tí kò rí rálì rí láyé rẹ̀! Sébastien Ogier ló wá gba ipò kìíní. Mẹkáníìkì náà fa àga, ó jókòó tì mí dé òpin, kò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì àkọ́kọ́.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, Bẹ́ljíọ̀mù gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú Pọtugí nínú ìdíje Yúróòpù. Mo lọ sí ilé ìwòran. Bẹ́ljíọ̀mù borí, 1-0, gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ sì ń dárò Ronaldo. Èmi ń dárò ọmọ Bẹ́ljíọ̀mù lọ́jọ́ tí Bẹ́ljíọ̀mù borí.

Neuville gbà á nígbẹ̀yìn o. Oṣù kọkànlá 2024 ni, ní Japan. Ilẹ̀ ti mọ́ ní Sunday lọ́dọ̀ wọn, àwa ṣì wà ní alẹ́ Sátidé nígbà tí Ott Tänak, tó ń bá a du ife náà, já sínú igbó. Mo pariwo tó bẹ́ẹ̀ tí ìyàwó mi fi dìde wá ń bi mí ẹni tó kú. Mo ní kò sẹ́ni tó kú, Thierry ló gba ife. Ó ti mọ Thierry dáadáa nígbà náà. Ó ní, "Ẹ ṣeun, Olúwa," ó sì padà lọ sùn. Ẹ ò lè mọ bí ó ṣe dùn mọ́ mi tó pé ó dúpẹ́.

Ó ku ọ̀kan. Lọ́dún 2023 mo gbé fóònù lọ bá Bàbá Àbíjàn ní Èjìgbò, ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Mo wá fídíò Bandama àtijọ́ kan jáde fún un. Ó gbé e sún mọ́ ojú, kò sọ̀rọ̀. Nígbà tí ọkọ̀ kan já jáde láti inú èruku, ó ní, "Ẹ̀n-ẹ́n." Ìyẹn nìkan. Ó wá bi mí pé, "Obìnrin kan wà níbẹ̀ nígbà kan. Gbogbo Adjamé ló ń sọ ọ́. Kí ló ṣẹlẹ̀ sí i?" Mo mọ ẹni tó ń wí. Michèle Mouton ni, pẹ̀lú Audi, ní 1982. Mo sọ fún un pé bàbá obìnrin náà kú nígbà tí eré ọ̀hún kù díẹ̀ kó bẹ̀rẹ̀.

"Ó sì tún wakọ̀?"

"Ó wà á, Bàbá. Òun ló wà níwájú títí gíábọ́ọ̀sì fi dà á láàmú. Nígbà tó yá ló fi ọkọ̀ gbá nínú kùrukùru, ó sì pàdánù ife àgbáyé síbẹ̀."

Ó gbé fóònù lé itan. Ó ní gíábọ́ọ̀sì náà ló pa Pijó bàbá mi, ní ìyànà kan tí kò jìnnà sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ó ní bàbá mi jókòó tì í di ilẹ̀ mọ́, kò jẹ́ kí wọ́n wọ́ ọ lóru, kí wọ́n má baà ba á jẹ́. Mi ò gbọ́ ìyẹn rí.

Láti ìgbà náà, gbogbo ìgbà tí Safari bá ti dé ló máa ń ní kí wọ́n bá òun pè mí. Ní March 2025, lálẹ́ ọjọ́ tó kẹ́yìn, ó ní, "Ta ló gbà á?"

Mo ní, "Elfyn Evans ni, sà. Toyota ló wà."

"Pijó ń kọ́?"

"Pijó ò sí níbẹ̀ mọ́, Bàbá. Ó ti pẹ́."

Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Wọn ò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe."