“Asẹ́ agbéná ńlá”, “páìpù ìgbì tútù” àbí “asẹ́ olóporo aláìdíwọ́”?

Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Orúkọ mẹ́ta ló wà nílẹ̀ báyìí fún ohun pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń ṣa ìgbì nínú ẹ̀rọ tó ń lo GHz púpọ̀ (GHz kan ni ìgbì tó ń mì ní ìgbà bílíọ̀nù kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan), èyí tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní “superconducting coplanar waveguide filter”: “asẹ́ agbéná ńlá” láti Àgbádárìgì, “páìpù ìgbì tútù” láti Ìkòròdú, àti “asẹ́ aláìdíwọ́” tí ẹnikẹ́ni ò tíì jẹ́wọ́ pé òun ló bí i. Láti Ẹ̀pẹ́ níbí, ẹ̀kẹta ni mo fara mọ́, ṣùgbọ́n ó ku ibì kan.

“Agbéná ńlá” ò tọ̀nà. Nínú ooru ojoojúmọ́, kò sí irin tó gbé iná tó fàdákà. Síbẹ̀, bó ti wù kí a mú fàdákà tutù tó, ìdíwọ́ rẹ̀, ìyẹn bó ṣe ń dí iná lọ́nà, kì í tán. Ohun tí Heike Kamerlingh Onnes, onímọ̀ físíìsì ará Netherlands, rí lára mẹ́kúrì ní 1911 yàtọ̀: ìdíwọ́ pòórá lójijì. Niobium, irin kan, ń ṣe bẹ́ẹ̀ nísàlẹ̀ bíi -264 °C; YBCO, àdàpọ̀ yttrium, barium, bàbà àti ọ́síjìn, nísàlẹ̀ bíi -181 °C. Ìdí nìyẹn tí náítírójìn olómi, tó ń hó ní -196 °C, fi tó YBCO tí kò sì lè ran niobium lọ́wọ́. “Tútù” lásán ńkọ́? Omi fíríìjì náà tutù.

“Páìpù” ló burú jù. Atọ́nà-ìgbì àtijọ́ ni páìpù, inú rẹ̀ ṣófo. Èyí tí Cheng P. Wen gbé jáde ní 1969 ò ní inú rárá. Ẹ wò ó bí ebè mẹ́ta lórí ilẹ̀ kan náà (irin pẹlẹbẹ ni ebè, sílíkọ́nì ni ilẹ̀): ebè tẹ́ẹ́rẹ́ láàárín, ebè gbàràmù méjì tó jẹ́ áàtì (“ground” lédè Gẹ̀ẹ́sì) lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún àti òsì, poro méjì láàárín wọn. Inú poro yẹn ni agbára ìgbì wà jù, apá kan nínú afẹ́fẹ́ lókè, apá tó pọ̀ jù nínú sílíkọ́nì nísàlẹ̀. Bí ebè àárín bá fẹ̀ tó máíkírómítà 10, tí poro kọ̀ọ̀kan jẹ́ 6, nǹkan bí ohm 50 la óò bá níbẹ̀ (ìwọ̀n fóltéèjì ìgbì sí iná rẹ̀ ni, kì í ṣe ìdíwọ́ tó ń sọ agbára dooru). Nítorí náà, “asẹ́ olóporo aláìdíwọ́” ni tèmi. (Ẹnìkan dábàá “olójú kan”, torí pé ojú kan náà ni gbogbo rẹ̀ wà. Òótọ́ ni, àmọ́ ta ni kò ní rẹ́rìn-ín?)

Poro tún ń sọ àìsàn rẹ̀. Níbi tí ọ̀nà ìgbì bá ti yà, poro ìta gùn ju ti inú lọ, áàtì méjèèjì ò wá dọ́gba mọ́, ìgbì tí a ò pè á bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, á sì gbẹ́ kòtò síbi tó yẹ kí asẹ́ ṣí sílẹ̀. Afárá ni oògùn rẹ̀: wáyà alumíníọ́mù tín-ín-rín tó so áàtì mọ́ áàtì, tó fo ebè àárín láìfara kàn án. Àlàfo afárá sí afárá gbọ́dọ̀ kéré dáadáa sí ìdá mẹ́rin gígùn ìgbì.

Ìdáhùn láti Ìkòròdú

Ẹ̀gbọ́n, mo ti kó páìpù mi kúrò nílẹ̀. “Asẹ́” gan-an ló wá ń kọ mí lóminú. Ohun kíkúnná ni asẹ́ ń jẹ́ kó kọjá. Ohun èlò tiwa yìí ń gba ìgbì GHz ti àárín, ó ń dá tòkè àti tìsàlẹ̀ padà. Àwọ̀n apẹja yín ní Ẹ̀pẹ́ sún mọ́ ọn jù: ẹja wẹ́wẹ́ á yọ, ẹja ńlá ò lè ki orí bọ̀ ọ́, ti àárín ló ń há. Àmọ́ àwọ̀n ń mú, èyí ń jẹ́ kó kọjá. Gígùn ebè ló sì ń yàn: lórí sílíkọ́nì, ebè bíi mílímítà 10 ló ń dá 6 GHz lóhùn. Ẹ jẹ́ ká pè é ní “aṣàgbì”.

“Aláìdíwọ́” náà? Fún iná tó ń lọ síbì kan ṣoṣo, ó pé. Síso pọ̀ ní méjì-méjì ni ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù fi ń kọjá láìsí ìdíwọ́; fún ìgbì, àwọn tí kò so pọ̀ ṣì ń mì, wọ́n ń sọ agbára dooru. Bí GHz bá di ìlọ́po méjì, ìpàdánù yẹn á di ìlọ́po mẹ́rin. Ti bàbà ò ju ìlọ́po 1.4 lọ. Tó bá kọjá bíi 700 GHz, ìgbì fúnra rẹ̀ ló ń já ìsopọ̀ wọn nínú niobium. Mo dábàá “aṣàgbì olóporo”, kí á wá fi orúkọ irin rẹ̀ tì í: ti niobium, ti YBCO, ti bàbà.