Ọmọ ta lo yà síbí?

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará. Mo ti ń ka ìrírí oníkálukú lórí yíya fọ́tò níbi tí ṣọ́jà pọ̀ sí láti ọjọ́ mẹ́ta, ó wá ku tèmi.

Tákíè ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ti ń ṣiṣẹ́ fọ́tò. Mo ń ya ìgbéyàwó, ìsìnkú, ìwúyè, ṣùgbọ́n ìgboro gan-an ni ọkàn mi wà. Ní tiwa níbí, ohun tí bàbá mi kọ́ mi nípa ṣọ́jà kò pọ̀: tí o bá dé ibi tí wọ́n dínà sí, tan iná inú ọkọ̀, kí wọn, kí o sì ti kámẹ́rà bọ abẹ́ ìjókòó. Òfin wà láti 1962 tó ní kí ẹnikẹ́ni má ya ibùdó ọmọ ogun láìgbàṣẹ, àmọ́ ta ló máa dúró ka òfin fún ọ lójú títì?

Ní 2018, ìjọ wa ní kí n tẹ̀ lé àwọn tó ń lọ sí Jerúsálẹ́mù, kí n máa yà wọ́n. Ọjọ́ kejì tí a débẹ̀ ni mo wọ ọkọ̀ ojú irin ìgboro tó ń gba Jaffa Road. Ọmọbìnrin kan jókòó tì mí, kò lè ju ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún lọ. Aṣọ ológun ló wọ̀, ìbọn gígùn wà láàrin orúnkún rẹ̀, ó ń jẹ búrẹ́dì, ó ń tẹ fóònù. Àyà mi já. Èmi nìkan ni àyà mi sì já nínú ọkọ̀ yẹn. Ìyá àgbà kan gbé àpò tòmátì wọlé, ó ní kí ọmọ náà sún, ó sún, màmá jókòó, àpò tòmátì sì fara ti ìbọn.

Ẹni tó ń mú wa kiri ṣàlàyé pé tí ọmọ bá ti pé ọdún méjìdínlógún, òfin Ísírẹ́lì ń pè é sí iṣẹ́ ológun. Ọdún méjì ni ti obìnrin, ti ọkùnrin ju ọdún méjì ààbọ̀ lọ. (Kì í ṣe gbogbo wọn o. Wọn kì í fi dandan mú ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn Lárúbáwá tó jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè náà.) Mo rò ó wé àwọn àgùnbánirọ̀ wa. Láti 1973 ni tiwa ti bẹ̀rẹ̀, ọdún kan péré ni, wọ́n sì ti kàwé gboyè kí wọ́n tó wọ kákí. Àwọn tibẹ̀ ń gbé ìbọn kí wọ́n tó mọ ohun tí wọ́n fẹ́ kọ́ ní yunifásítì.

Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í yà wọ́n. Òkúta funfun ni wọ́n fi bo ara ilé ìlú náà, òfin tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní 1918 ló fà á. Ìmọ́lẹ̀ tó ń ta padà lára òkúta yẹn ń tan kámẹ́rà jẹ, ojú ènìyàn á kàn ṣókùnkùn. Àfi kí n fi ọwọ́ ara mi fi kún ìmọ́lẹ̀ kí ojú tó hàn. Ìbọn dúdú kò ní wàhálà bẹ́ẹ̀, kedere ló ń yọ lára ògiri funfun. Ibi tó yọ yẹn náà ni ojú mi ń lọ.

Ọjọ́ kẹrin ni mo dé Ẹnubodè Damásíkù. Àwọn ọlọ́pàá ààlà dá ọmọkùnrin Lárúbáwá kan dúró, wọ́n kọjú rẹ̀ sí ògiri, wọ́n ń tú ara rẹ̀ wò. Ẹgbẹ́ ni wọ́n, ẹni tó ń túni àti ẹni tí wọ́n ń tú. Mo ti gbé kámẹ́rà sójú kí ọmọkùnrin náà tó yíjú rí mi, ó sì fi apá bojú. Mo sọ kámẹ́rà kalẹ̀. Ẹlòmíràn á ní ó yẹ kí n yà á, kí ayé lè rí i. Òótọ́ lè wà níbẹ̀, mo ṣì ń rò ó títí dòní. Ṣùgbọ́n mi ò lè kó ìtìjú ọmọ ọlọ́mọ wálé.

Nígbà tí mo délé, mo fi àwọn fọ́tò han ìyá mi. Wọ́n yára kọjá lórí ṣọ́ọ̀ṣì àti ibojì. Ìgbà tí wọ́n dé orí ọ̀kan nínú àwọn ṣọ́jà, wọ́n dúró.

“Ọmọ ta lo yà síbí?”

Mo ní, “Ṣọ́jà ni, Màámi.”

“Mo rí ìbọn. Ọmọ ta ni mo bi ọ́.”

Mi ò rí èsì fọ̀. Mo ya àwọn ọmọ yẹn ju igba fọ́tò lọ, mi ò bèèrè orúkọ ẹnì kan ṣoṣo.

Èsì láti ọ̀dọ̀ àbúrò yín, Akẹ̀sán, Ọ̀yọ́:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ọ̀rọ̀ màmá yẹn wọ̀ mí lára. Èmi ń bọ̀ láti ibi ìgbéyàwó kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́dún tó kọjá, àwọn ṣọ́jà dá wa dúró lọ́nà. Ọ̀kan rí àpò kámẹ́rà mi, ó ní kí n sọ̀ kalẹ̀. Ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n. Àṣé ó fẹ́ kí n ya òun ni. Ó gbé ìbọn fún ẹnì kejì rẹ̀, ó ṣí akoto orí rẹ̀, ó fi ọwọ́ nu òógùn, lójú mi ó di ọmọdé pátápátá. Ó fẹ́ fi ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ lórí WhatsApp. Mo ní kó dúró síbi tí àpò yanrìn wà torí ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ dára, ó kọ̀. Ó mú mi lọ sábẹ́ igi ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ó ní kí àpò yanrìn má hàn, kí ìbọn má hàn, torí ìyá òun gbà pé ọ́fíìsì lòun ti ń ṣiṣẹ́.