Èsì: "Àdámọ́" kò lè dúró fún ìwà ẹ̀dá

Ẹ̀yin ará, mo kí gbogbo yín.

Ẹ̀gbọ́n wa tó fi àtòjọ ìtumọ̀ Yorùbá fún ọ̀rọ̀ sáíkọ́lọ́jì (ìmọ̀ nípa ọkàn àti ìwà ẹ̀dá) ránṣẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá ṣe iṣẹ́ ńlá, mi ò ní fi ìyẹn dù wọ́n. Ṣùgbọ́n wọ́n ní kí a máa pe personality, ìyẹn irú ẹni tí ènìyàn jẹ́ nínú ìwà, ní "àdámọ́", àwọn kan sì ti ń pàtẹ́wọ́. Èmi ò lè bá wọn pa á.

Ẹ wo "mọ́" tó kẹ́yìn ọ̀rọ̀ náà. Ohun tí a dá mọ́ni ni àdámọ́, ó ti wà lára kí onítọ̀hún tó dáyé. Bí a bá ti pè é bẹ́ẹ̀, ẹjọ́ bóyá a bí ìwà mọ́ni ni tàbí a kọ́ ọ ti parí, a ti dá apá kan láre kí àwọn yòókù tó la ẹnu. Àwọn tó ń wá orísun ìwà nínú ara ló ni ọ̀rọ̀ yẹn. Hans Eysenck, onímọ̀ sáíkọ́lọ́jì, sọ ní 1967 pé ọpọlọ ẹni tí kì í fẹ́ ariwo ti wà lójúfò ju ti ẹlòmíì lọ láti ilẹ̀ wá, òun ni ariwo díẹ̀ ṣe máa ń tètè sú u. Láti 1979 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ àwọn ìbejì tí a tọ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ wò ní Minnesota ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì rí i pé ìwà àwọn tó ti inú ẹyin kan ṣoṣo wá jọra gan-an. Mo gbà. Síbẹ̀, ìwádìí ìbejì fúnra rẹ̀ kò fún jíìnì (ohun tí a jogún nínú ara òbí) ju bí ìdajì lọ nínú ohun tó mú ìwà ẹnì kan yàtọ̀ sí ti ẹnì kejì. Ìdajì tó kù ńkọ́? "Àdámọ́" ti lé e síta.

(Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ ọ́ láìfi àmì sí i, ẹ jọ̀ọ́. "Mọ́" kì í ṣe "mọ̀". Ohun tí a dá mọ̀ yàtọ̀ sí ohun tí a dá mọ́ni.)

Ẹ wá wo ìwà tí a kọ́. Ní 1961, Albert Bandura, onímọ̀ sáíkọ́lọ́jì, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ọmọ 72 jọ ní Yunifásítì Stanford. Àwọn kan nínú wọn wo àgbàlagbà tó jókòó lé ọmọláńgidi tí wọ́n fẹ́ afẹ́fẹ́ kún, tó ń gbá a nímú, tó sì ń fi òòlù igi lù ú lórí. Nígbà tó kan àwọn ọmọ yìí, àwọn náà gbé òòlù, wọ́n tún ń sọ ọ̀rọ̀ tí àgbàlagbà náà sọ. Ta ló dá ìyẹn mọ́ wọn? Àgùntàn tó bá ajá rìn, yóò jẹ ìgbẹ́. Àwọn àgbà yìí kan náà ló ní ẹni bíni là á jọ. Wọ́n pa òwe méjèèjì, wọn ò fi ọ̀kan pa èkejì rẹ́.

"Ìwà" la ní, ó sì tó. Ẹnì kan ti ní ìdájọ́ wà nínú rẹ̀, pé bí a bá ní "ó níwà", ìyìn ni. Gbólóhùn yẹn ló ń yìn. A tún ń sọ pé "ìwà rẹ̀ le", "ìwà rẹ̀ ò yé mi". Olùkọ́ tó kọ́ mi ní gírámà, tó ti dolóògbé, kì í jẹ́ kí a gbàgbé pé "wà" ló bí "ìwà": bí ènìyàn ṣe wà. Kò sọ bó ṣe dà bẹ́ẹ̀. Kí "àdámọ́" wá jẹ́ ti ohun tó bá ara wá, kí "àkọ́mọ́ra" jẹ́ ti ohun tí a wò kọ́, bíi ti ìwádìí Bandura. Ẹni tó dábàá "ìhùwàsí" fún personality gbàgbé "sí" tó wà níbẹ̀. Ohun tí a hù sí ẹlòmíì ni, kò kan ohun tó kù sínú.

Ohun tó kù sínú yẹn ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ Freud, dókítà tó kọ̀wé nípa ohun tó fara sin nínú ọkàn, ibẹ̀ ló sì dùn mí jù. Ẹ̀gbọ́n kọ "ẹ̀mí-ẹranko", "ẹ̀mí-àárín" àti "ẹ̀mí-òkè" fún apá mẹ́ta tí Freud pín ọkàn sí: ìfẹ́ inú tí kì í gbàṣẹ, èmi tó ń ronú, àti èyí tó ń bá èmi wí. Ní 1923, das Es, das Ich àti das Über-Ich ni Freud kọ. Ọ̀rọ̀ ẹnu ọmọdé Jámánì ni Es àti Ich, àwọn tó túmọ̀ ìwé rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì ló lọ yá Látìn (id, ego, superego). "Ich" ni "èmi". Ẹ̀mí ti wá di ọ̀rọ̀ orí pẹpẹ, Freud kò sì wàásù. "Es", ìyẹn "ó", ńkọ́? À ń pè é lójoojúmọ́: "ó wù mí", "ó ń ṣe mí bíi kí n sunkún". Ta ni "ó" yẹn? Kò lórúkọ, kò sì gbàṣẹ lọ́wọ́ èmi kó tó dé. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni Freud ṣe ṣàpèjúwe rẹ̀.

Mo mọ̀ pé "ó" kò lè dá dúró bí ọ̀rọ̀-orúkọ, bí a bá sì ní "òun", ènìyàn ni a ń tọ́ka sí. Ẹni tó bá rí ọ̀nà àbáyọ, kó mú un wá. Kí Ẹ̀gbọ́n sì bá wa yọ "àìmọ̀kan" tí wọ́n fi túmọ̀ unconscious, ìyẹn ohun tó wà nínú ọkàn tí a kò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, kúrò. Òpè ni aláìmọ̀kan. Ẹni tí kò mọ ohun tó ń bẹ nínú òun lọ́hùn-ún lè jẹ́ ọ̀mọ̀wé.