Ìnàkí ńlá tó ń rìn bí ènìyàn: ṣé ó lè wà nínú igbó lóòótọ́?

Ará Kubwa: Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ẹranko igbó, ẹ jọ̀ọ́, Bigfoot ti Amẹ́ríkà àti Yeti orí òkè Himalaya yìí, ṣé irú wọn lè sá pamọ́ títí dòní?

Ọmọ Ọ̀yọ́ ní Jos: Ẹyọ kan ò lè dá wà. Akọ, abo àtọmọ ló gbọ́dọ̀ wà, àwọn kan á sì máa kú, egungun àti eyín á wà nílẹ̀. Ẹ wo Gashaka-Gumti, ọgbà ẹranko igbó ti ìjọba àpapọ̀ ní Taraba. Ìnàkí ibẹ̀ ń sá fún ènìyàn gan-an, síbẹ̀ ìtẹ́ tuntun tí wọ́n ń fi ẹ̀ka eléwé tẹ́ sórí igi lálaalẹ́ ń tú wọn fó.

Ìyá Ṣadé: Òótọ́ ni. Ní 2014, Bryan Sykes, onímọ̀ nípa àbùdá, àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ rí DNA (èròjà àbùdá tó ń fi irú ẹ̀dá hàn) yọ nínú irun 30 tí wọ́n ní ti ẹ̀dá yìí ni. Béárì, ẹṣin, màlúù ló ń jáde. Ọ̀kan tiẹ̀ jẹ́ ti ènìyàn! Ní ti ipa ẹsẹ̀, béárì máa ń fẹsẹ̀ ẹ̀yìn tẹ ojú ibi tí tiwájú tẹ̀, méjèèjì á wá di ẹyọ kan gbọọrọ.

Ará Kubwa: Ẹ ṣeun mà. Béèyàn bá wá rí irun ńkọ́?

Ọmọ Ọ̀yọ́ ní Jos: Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, kẹ́ ẹ ṣa irun tó ṣì ní gbòǹgbò. Àpòòwé ni kẹ́ ẹ kó o sí, kì í ṣe ọ̀rá: ọ̀rinrin inú ọ̀rá ń ba DNA jẹ́. Tó bá jẹ́ ipa ẹsẹ̀, ẹ fi rúlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kẹ́ ẹ ya fọ́tò rẹ̀ látòkè gbọnrangandan.