Koríko ẹ̀kan ti gba iwájú ilé mọ́ mi lọ́wọ́, ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ẹ kú ìsinmi o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ìgbógbó ni mo wà, n'Ìkòròdú níbí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kó padà sí ilé bàbá wa tó ti wà ní títì pa fún ọdún 6. Inú ilé ṣeé gbé, iwájú ilé ni wàhálà. Ẹ̀kan ti bò ó débi pé ó kàn mí láyà, ewé akíntọ́lá dí ìdí fẹ́ǹsì, àwókù búlọ́ọ̀kù wà káàkiri. Mo háyà ọmọkùnrin kan, ó fi àdá ṣán an nílẹ̀. Kò pé ọ̀sẹ̀ 2 tó tún yọ ẹnu ṣóńṣó, ọ̀kan tiẹ̀ gún sílípáàsì mi já.

Mi ò gbin nǹkankan rí láyé mi. Ewédú àti tẹ̀tẹ̀ ni mo fẹ́, kí n yé sáré lọ Sábó ní gbogbo ìgbà tí ọbẹ̀ bá tán. Ṣé kí n dáná sun ún ni? Aládùúgbò mi kan ní kí n kúkú da kankéré sí i kí n sinmi.

Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́: Ọmọ mi, má dáná sí i o! Iná kì í pa ẹ̀kan. Bí òjò kan bá ti rọ̀ lẹ́yìn iná, òun ni yóò kọ́kọ́ hù, torí àwọn koríko tó ń bá a du ilẹ̀ ti jóná tán. Ìsàlẹ̀ ni ilé rẹ̀. Wa ilẹ̀ díẹ̀, wàá rí gbòǹgbò funfun tó ní oríkèé bí ìrèké, tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ́rẹ́. Oríkèé kan tó o bá gbàgbé síbẹ̀, ó ń bọ̀ wá di ìdí ẹ̀kan mìíràn. Ọkọ́ lo nílò, kì í ṣe àdá.

Bọ̀dá Ìjẹ̀dẹ̀: Màámi, ta ló fẹ́ fi ọkọ́ wa gbogbo iwájú ilé láyé ìsinsìnyí? Àǹtí, ẹ ra glyphosate lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta oògùn koríko. Ẹ jẹ́ kó hu ewé tútù dáadáa kí ẹ tó fọ́n ọn, ewé ló máa gbé e dé gbòǹgbò. Bí ojú ọjọ́ bá ṣú, ẹ dúró, òjò á fọ owó yín dànù.

Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́: Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o bi í bóyá ó ní kànga? Ṣé ewúrẹ́ àdúgbò kì í wọlé jẹ̀ níbẹ̀? N kò bá ọ jà o.

Olóko Ẹ̀yìnkùlé: Èmi ò dá sí ti oògùn. Àṣìṣe tèmi ni pé gbogbo ilẹ̀ ni mo ṣí lẹ́ẹ̀kan náà. Kí n tó gbin apá kan tán, koríko ti padà gba apá kejì. Ẹ mú ẹsẹ̀ bàtà 6 níbùú, 10 lóòró péré, níbi tí oòrùn ti ń dé. Ẹ ṣa búlọ́ọ̀kù kúrò, kí ẹ dúró de òjò (ilẹ̀ pupa wa yìí, bó bá gbẹ, ọkọ́ á máa dún lórí rẹ̀ bí ẹni ń lu páànù). Apá tó kù, ẹ fi tapólì àtijọ́ bò ó fún oṣù mélòó kan, tàbí kí ẹ gbin ànàmọ́ kí ìtàkùn rẹ̀ ṣíji bò ó. Ìgbẹ́ adìyẹ dáa, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó jẹrà fún oṣù 2. Tútù rẹ̀ á jó ẹ̀fọ́. Ẹ sì jìnnà sí sókàwé (kòtò omi ilé ìgbọ̀nsẹ̀).

Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́: Hóró ewédú kì í dédé hù o. Dì í sínú aṣọ, tẹ̀ ẹ́ bọ omi tó ń hó, ka ení dé ẹ̀wá kíákíá, yọ ọ́, sá a síbi òjìji. Pò ó mọ́ iyanrìn gbígbẹ kí o tó fọ́n ọn, kó má baà ṣù jọ sójú kan. Bó bá tó ọ̀sẹ̀ 5, o ti ń já a.

Ẹni tó béèrè: Ẹ ṣé gan-an mà, ẹ ṣé bọ̀dá. Mo wa igun kan láàárọ̀ yìí lẹ́yìn òjò àná. Gbòǹgbò yẹn kún àpò ìrẹsì kan, ọwọ́ mi ti bó. Mo tiẹ̀ rí ojú ọkọ́ bàbá mi nísàlẹ̀ ibẹ̀, ó ti dógùn-ún. Àpò yìí ńkọ́, ṣé kí n dà á sẹ́yìn fẹ́ǹsì?

Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́: Ẹ̀yìn fẹ́ǹsì kẹ̀? Kó lè gba abẹ́ rẹ̀ wọlé padà? Sá a sórí kankéré lójú oòrùn títí á fi máa ṣẹ́ pẹ́kẹ́pẹ́kẹ́ lọ́wọ́ rẹ. Ìgbà yẹn lo lè wá dá iná tó o ti ń wá láti ọjọ́ yìí.