Kóòṣì fi ọmọ kíláàsì kẹsàn-án rọ́pò ọmọ mi ní quarterback, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Tòbí, Houston
Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin òbí ẹgbẹ́ mi. Ọ̀rọ̀ yìí máa gùn díẹ̀, ẹ fara dà á. Inú ń bí mi débi pé oorun ò kùn mí, bẹ́ẹ̀ aago méje àárọ̀ ni mo ń wọṣẹ́.

Ẹ ṣáà mọ Tòbí mi. Kékeré ló ti ń ṣe bọ́ọ̀lù àwọn Amẹ́ríkà yìí, èyí tí wọ́n ń fọwọ́ jù, kì í ṣe tiwa tí à ń fẹsẹ̀ gbá. Bàbá rẹ̀ ò fẹ́, èmi ni mo gbè é lẹ́yìn. Èmi ni mò ń gbé e lọ, èmi ni mò ń gbé e bọ̀. Gbogbo Sátidé là ń sanwó fún ọkùnrin kan tó ń kọ́ ọ bó ṣe máa gbẹ́sẹ̀ àti bó ṣe máa ju bọ́ọ̀lù, dọ́là 80 ní wákàtí kan. Owó tí ǹ bá fi ra ilẹ̀ sí Mọ́wé ni.

Lọ́jọ́ Ajé ni kóòṣì pè é, ó ní kó lọ jókòó ná, pé ọmọ kíláàsì kẹsàn-án kan ni yóò ṣe quarterback lọ́jọ́ Ẹtì tó ń bọ̀. Ọmọ àná! Ó ní Tòbí lè máa ṣe receiver bó bá wù ú. Ẹni tó ń pín bọ́ọ̀lù fún gbogbo ẹgbẹ́ ni kó wá máa sáré lọ gbà á lọ́wọ́ ọmọdé yẹn?

Kóòṣì yìí kan náà ló jẹ jọ̀lọ́ọ̀fù mi. Nígbà tó kan èmi láti gbé oúnjẹ wá fún ẹgbẹ́, kúlà ńlá méjì ni mo gbé lọ, pẹ̀lú adìẹ díndín àti dòdò. Ó bù ú, ó tún bù ú. Ìyàwó rẹ̀ ní kí n wá kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń sè é. Ìyàwó yẹn rí mi ní ṣọ́ọ̀bù lánàá, ó yí kẹ̀kẹ́ ọjà rẹ̀ gba ọ̀nà mìíràn lọ.

Ní eré tó kọjá, wọ́n lé Tòbí, ó ju bọ́ọ̀lù síta kí wọ́n má baà gbá a mọ́lẹ̀. Rẹfirí ju fílágì pé ó ṣẹ̀, kóòṣì bá jágbe mọ́ Tòbí lójú gbogbo ayé. Ṣé kò yẹ kí ọmọ dáàbò bo ara rẹ̀ ni? Ṣé kí n lọ bá ọ̀gá ilé ìwé ni, àbí kí n kọ̀wé sí district tó ń darí ilé ìwé, àbí ká kúkú mú un lọ sí ilé ìwé mìíràn? Ìyá mi ní Ìjẹ̀bú-Òde ti sọ fún gbogbo ìjọ pé ọmọ-ọmọ òun ni ọ̀gá ẹgbẹ́.

Bàbá Dẹ̀mí
Ẹ pẹ̀lẹ́, Ìyá Tòbí. Ọmọ ọdún mélòó ni? Kíláàsì wo? Varsity, ẹgbẹ́ àgbà, ni àbí JV, ti àwọn kéékèèké? Kí ni kóòṣì sọ gan-an pé ó fà á? Ẹ ròyìn jọ̀lọ́ọ̀fù, ẹ ò sọ ìdí.

Arẹwà Ìjẹ̀bú
Ẹ̀yin nìkan kọ́ o. Ọmọbìnrin mi ń sá eré ìje, wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú àwọn mẹ́rin tó ń gba ọ̀pá lọ́wọ́ ara wọn, láìsọ nǹkan kan fún wa. Mo wọ ìró àti bùbá, mo wé gèlè, mo lọ bá wọn kí wọ́n lè mọ̀ pé ọmọ yẹn ní ìyá. Kóòṣì náà ti ń bẹ̀ mí kí n tó jókòó. Wọ́n dá a padà. Òun fúnra rẹ̀ ló wá ní òun ò ṣe mọ́, ó bọ́ sínú ẹgbẹ́ akọrin, orin ló ń kọ títí dòní. Ẹ wé gèlè lọ, èmi ló sọ bẹ́ẹ̀.

Alàgbà Maryland
Ẹ jẹ́ ká gbé gèlè tì. Fílágì yẹn tọ́. Quarterback ò gbọdọ̀ ju bọ́ọ̀lù síbi tí kò sí ẹni tiwọn. Grounding ni wọ́n ń pè é. Ọmọ àbúrò mi sáré jáde sí ẹ̀gbẹ́ níbí ní 2019, ó jù ú síta, wọ́n ju fílágì sí i lójú mi. Kóòṣì ò jẹ̀bi.

Bàbá Dẹ̀mí
Ẹ̀gbọ́n, Maryland lẹ wà. Texas ò bá àwọn ìpínlẹ̀ yòókù lo òfin kan náà, òfin NCAA ti àwọn yunifásítì ni ilé ìwé wa níbí ń tẹ̀ lé. Bí quarterback bá ti bọ́ sí ìta àwọn tackle méjèèjì tó ń dáàbò bò ó lápá ọ̀tún àti òsì, tí bọ́ọ̀lù rẹ̀ sì dé ìlà tí eré ti bẹ̀rẹ̀, kò ṣẹ̀, ì báà jẹ́ ọ̀dọ̀ àwọn afọnfèrè ló balẹ̀ sí. Tó bá ṣì wà láàárín wọn ló gbọ́dọ̀ ní ẹni tó ń jù ú sí. Kódà, ẹ̀yin náà ti yí tiyín padà ní 2022.

Alàgbà Maryland
2022 kẹ̀? Ta ló yí i padà?

Ìyá Tòbí, Houston
Mi ò mọ ibi tó wà nígbà tó jù ú o, agogo ni mò ń lù lọ́wọ́. Ọmọ ọdún 16 ni, kíláàsì kọkànlá, varsity. Kóòṣì ò sọ nǹkan gidi kan. Ó ní ó ń di bọ́ọ̀lù mọ́wọ́ pẹ́ jù, pé kì í tètè slide, ìyẹn kó yọ̀ sílẹ̀ kí wọ́n tó kọlù ú, pé ó ń pe play, ìyẹn ètò eré, tí òun ò rán an. Ṣé ìyẹn tó gba ipò lọ́wọ́ ọmọ? Àǹtí Arẹwà, ẹ ṣeun, mo ní gèlè kan tí mi ò tíì wé rí.

Bísí Nọ́ọ̀sì
Ìyá Tòbí, ọ̀rọ̀ play yẹn. Ṣé ó ti máa ń gbàgbé tẹ́lẹ̀, àbí ẹnu ọjọ́ mẹ́ta yìí ló bẹ̀rẹ̀?

Ìyá Ọlọ́mọkùnrin Mẹ́ta
Èmi ò ní bá yín sọ̀rọ̀ dídùn. Ṣé bọ́ọ̀lù la tìtorí ẹ̀ wá sí Amẹ́ríkà? Dọ́là 80! Olùkọ́ ìṣirò ni mò ń san iye yẹn fún. Ẹ lọ wo káàdì rẹ̀ kí ẹ tó bá kóòṣì jà. Ní Texas yìí, ẹni tí máàkì rẹ̀ ò bá tó 70, eré ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó kéré tán. Òfin ni, láti 1984 ni wọ́n ti fi no pass, no play lọ́lẹ̀. Ó lè jẹ́ ibẹ̀ ni bàtà ti ń ta á lẹ́sẹ̀.

Ọmọ Ìbàdàn ní Dallas
Màámi, ẹ rọra. Ìyá Tòbí, jíjókòó kì í pa quarterback. Aaron Rodgers jókòó ti Brett Favre fún ọdún mẹ́ta gbáko. Patrick Mahomes, ọmọ Texas níbí, eré kan ṣoṣo ló bẹ̀rẹ̀ ní 2017, Alex Smith ló ń ṣe é. Ọdún tó tẹ̀ lé e, òun ni MVP, ẹni tó dáńtọ́ jù, ní gbogbo NFL, líìgì àwọn tó ń fi bọ́ọ̀lù yìí ṣiṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí ọmọ jókòó, kó máa fojú kọ́ṣẹ́.

Fẹ́mi Texans
Ìyẹn dáa fún Mahomes. C.J. Stroud ti Houston Texans wa ńkọ́? Ó dé ní 2023, láti eré àkọ́kọ́ ni kóòṣì DeMeco Ryans ti gbé ẹgbẹ́ lé e lọ́wọ́, ó sì ṣe é débi pé òun ni wọ́n fún ní ẹ̀bùn ọmọ tuntun tó dáńtọ́ jù lápá ìkọlù. Tí ọmọdé bá mọ̀ ọ́n ṣe, ẹ jẹ́ kó ṣe é. Ẹ má bínú, ọmọ kíláàsì kẹsàn-án yẹn lè jẹ́ Stroud.

Ọmọ Ìbàdàn ní Dallas
Fẹ́mi, kí la ti fẹ́ ṣe Robert Griffin III? Ọmọ Copperas Cove ní Texas níbí. 2012 ló wọlé, òun náà gba ẹ̀bùn yẹn. Nígbà tó di January 2013, tí wọ́n ń bá Seahawks ṣe é, gbogbo ayé ló ń rí i pé ó ń tiro, kóòṣì Mike Shanahan ò yọ ọ́ títí orúnkún fi já. Kò padà rí bó ṣe rí tẹ́lẹ̀ mọ́.

Ìyá Tòbí, Houston
Ẹ má fi ọmọ yẹn wé Stroud fún mi o! Ìyá Ọlọ́mọkùnrin Mẹ́ta, A ni Tòbí ń gbà. Ẹ má wá sọ ọmọ mi di olódo. Ọ̀sẹ̀ yìí nìkan ni tíṣà ìṣirò ránṣẹ́ pé ó ń sùn ní kíláàsì. Orí ló ń fọ́ ọ, ó ní iná yàrá ń gún òun lójú. Fóònù ló fà á, mo ti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ Ìbàdàn, ẹ̀gbọ́n mi ń gbé ní Sugar Land, bí a bá lo àdírẹ́sì wọn, ṣé Tòbí lè bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀?

Bísí Nọ́ọ̀sì
Orí fífọ́ yẹn, ọjọ́ wo ló bẹ̀rẹ̀?

Ọmọ Ìbàdàn ní Dallas
Àdírẹ́sì kẹ̀? Ẹ má dán an wò. UIL, àjọ tó ń darí eré ilé ìwé ní Texas, ní ọ̀dọ̀ òbí gan-an ni ọmọ gbọ́dọ̀ máa gbé, ní àdúgbò ilé ìwé náà. Kóòṣì ilé ìwé tí ẹ fẹ́ kúrò yóò tún buwọ́ lu fọ́ọ̀mù kan. Bí wọ́n bá rí i pé nítorí bọ́ọ̀lù lẹ ṣe kó, ọdún kan gbáko ni kò ní fi ṣe varsity.

Arẹwà Ìjẹ̀bú
Àdírẹ́sì irọ́ ò dáa, ṣùgbọ́n gèlè ò lófin.

Fẹ́mi Texans
Ní ti slide, kí ẹ ní kó máa díbọ́n. Kenny Pickett ṣe é fún yunifásítì Pitt, ó tẹ̀ ba bí ẹni tó fẹ́ yọ̀ sílẹ̀, àwọn Wake Forest dẹwọ́, ló bá tún dìde fò lọ, touchdown!

Bàbá Dẹ̀mí
December 2021 nìyẹn, ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn rẹ̀ ni NCAA fòpin sí i. Báyìí, bí ẹni tó di bọ́ọ̀lù mú bá ti ṣe bí ẹni tó fẹ́ slide, fèrè ti dún, ibẹ̀ ni eré parí sí. Mo sì ti ní òfin NCAA là ń lò ní Texas. Ẹ má kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ohun tí wọ́n máa tìtorí ẹ̀ jágbe mọ́ ọn. Ohun tó yẹ kó mọ̀ ni pé bó bá ti ń yọ̀ lọ sílẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ níwájú, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kọlù ú mọ́. Àmọ́ ó gbọ́dọ̀ tètè yọ̀. Ẹni tó bá pẹ́ ni wọ́n ń fi akoto gbá lórí.

Ìyá Tòbí, Houston
Ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an nìyẹn! Ó yọ̀, ọmọ rìbìtì kan ṣì wá já lù ú, rẹfirí ò sì ju fílágì kankan. Ẹ wo ìrẹ́jẹ! Kóòṣì ní Tòbí ló pẹ́.

Bísí Nọ́ọ̀sì
Ìyá Tòbí, ẹ gbàgbé rẹfirí. Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé tí mò ń béèrè. Ṣé lẹ́yìn ìkọlù yẹn ni orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ? Ṣé ó bì? Ta ló yẹ̀ ẹ́ wò?

Ìyá Tòbí, Houston
Àǹtí Bísí, ẹ má jẹ́ kó dà bíi pé èmi ò mọ̀ ọ́n tọ́. Ó dìde fúnra rẹ̀, ó sì parí eré. Eré tó ṣáájú èyí tí wọ́n ti ju fílágì ni. Ó bì nínú mọ́tò nígbà tí à ń lọ sílé, àmọ́ ó ti jẹ pizza tí wọ́n gbé wá. Trainer, ẹni tó ń tọ́jú àwọn ọmọ tó bá fara pa, béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní kò sí nǹkan kan. Òun ló bẹ̀ mí pé kí n má sọ, torí kóòṣì yunifásítì kan ń bọ̀ wá wò ó. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó, ọmọ tó ti ń dúró de ọjọ́ yẹn láti kékeré! Akoto rẹ̀ sì ni èyí tó wọ́n jù.

Ìyá Ọlọ́mọkùnrin Mẹ́ta
Jésù!

Bàbá Dẹ̀mí
Ó tún ṣe eré mìíràn lẹ́yìn ìyẹn?

Bísí Nọ́ọ̀sì
Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Akoto ń ṣọ́ eegun orí kó má fọ́. Kò lè di ọpọlọ mú kó má mì nínú agbárí. Orí fífọ́, èébì, iná tó ń gúnni lójú, oorun àsùnjù, play tó ń gbàgbé: concussion, ìpalára ọpọlọ, ni gbogbo ẹ̀ jọ lójú mi. Kóòṣì tí ẹ ń bá jà ò mọ̀, ó rò pé ọmọ ò ka ìwé eré rẹ̀ ni. Bó bá sì gbé e lọ ṣe receiver, wọ́n á tún gbá a. Bí ọpọlọ bá tún mì kí ti àkọ́kọ́ tó jinná, ó lè wú lójijì. Ó máa ń pa ọmọdé.

Ẹ rántí Tua Tagovailoa, quarterback Miami, ní September 2022. Ó ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ lórí pápá nígbà tí wọ́n ń bá Buffalo ṣe é, wọ́n ní ẹ̀yìn ló ń dùn ún, wọ́n dá a padà. Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n fi àkéte gbé e kúrò lórí pápá ní Cincinnati. Àwọn dókítà NFL wà níbẹ̀ o.

Ẹ gbé e lọ sí ẹmájẹ́ńsì lálẹ́ yìí. Ẹ má jẹ́ kó wa mọ́tò. Bó bá ṣòro láti jí, tàbí tí ẹyinjú kan tóbi ju ìkejì, tàbí tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í bì, 911 ni kí ẹ pè.

Ìyá Tòbí, Houston
Lálẹ́ yìí? Bàbá rẹ̀ wà níbi iṣẹ́ òru. Bí mo bá sọ fún ilé ìwé, wọn ò ní jẹ́ kó fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù mọ́.

Bísí Nọ́ọ̀sì
Ohun tí òfin Texas ní kí wọ́n ṣe nìyẹn, láti 2011. Kóòṣì ò ní àṣẹ láti dá a padà, ẹ̀yin náà ò ní. Dókítà ló máa kọ̀wé, ẹ ó buwọ́ lù ú, kó tó bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀: rírìn, sísáré, jíju bọ́ọ̀lù láìsí ẹni tó máa gbá a, ó kéré tán ọjọ́ kan láàárín ìpele kan sí èkejì. Bí orí bá tún fọ́ ọ, ó dúró. Stroud tí Fẹ́mi ń pariwo náà fi eré méjì sílẹ̀ ní December 2023 nítorí concussion.

Fẹ́mi Texans
Òótọ́ ni. Titans àti Browns. Ìyá Tòbí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ.

Ọmọ Ìbàdàn ní Dallas
Mo ní àbúrò ní Houston tó lè wá gbé yín. Ẹ fi nọ́ńbà yín ránṣẹ́ sí mi ní kọ̀rọ̀.

Alàgbà Maryland
Mo ti rí i o, 2022 ni wọ́n yí i padà lóòótọ́. Ẹ má bínú. Ìyá Tòbí, ṣé ẹ ti ń lọ?

Ìyá Tòbí, Houston
A ti wà níbẹ̀. Wọ́n ti gbé e wọlé lọ ya àwòrán orí rẹ̀. Mo sọ ọ̀rọ̀ èébì yẹn fún wọn, dókítà wò mí. Tòbí ní kí n bi Àǹtí Bísí bóyá wọ́n á jẹ́ kí òun wọ jersey, kí òun dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá lọ́jọ́ Ẹtì.

Bísí Nọ́ọ̀sì
Kó bi dókítà tó wà níwájú rẹ̀. Iná àti ariwo pápá yẹn pọ̀ fún ẹni tí orí ń fọ́. Ta ló máa sọ fún trainer láàárọ̀ ọ̀la, ẹ̀yin ni àbí bàbá rẹ̀?

Ìyá Tòbí, Houston
Bàbá rẹ̀ ni. Èmi àti ìyàwó kóòṣì ò tíì bá ara wa sọ̀rọ̀.