Bọ́dì Samurai lórí ṣaasí Hilux: ilẹ̀kùn ń há bí taya kan bá gun òkúta

Òkun o, ẹ̀yin ọ̀gá mẹkáníìkì. Kàbà ni mo wà. Bọ́dì Suzuki Samurai la gbé ka ṣaasí Hilux (irin gígùn abẹ́ ọkọ̀ tó ru bọ́dì), ọkọ̀ tí màá fi máa kó iṣu bọ̀ láti oko. Kìkì òkúta àti kòtò ni ọ̀nà ibẹ̀.

Lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kò sí wàhálà. Àmọ́ bí taya iwájú kan bá ti gun òkúta, ilẹ̀kùn dẹ́rẹ́bà á há pinpin, kò ní ṣeé ṣí. Irin ìdí òpó gíláàsì iwájú sì ti ń ya. Ojú ibi tó ya tín-ín-rín bí irun, àmọ́ ó ń gùn sí i.

Rọ́bà tí a gé lára taya la fi sábẹ́ ẹsẹ̀ bọ́dì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ìyẹn ibi tí bóòtì ti so bọ́dì mọ́ ṣaasí. A di bóòtì le, rọ́bà tẹ̀ pẹrẹsẹ, yíya náà pọ̀ sí i. A dẹ̀ ẹ́, bọ́dì ń lu ṣaasí gbì-gbì. Wẹ́dà ní ká kúkú jó wọn pọ̀. Mi ò gbà: ṣaasí gbọ́dọ̀ lọ́ díẹ̀, bí a bá jó o mọ́ bọ́dì, bọ́dì ni yóò fàya.

Ẹni tó bá ti ṣe irú ẹ̀ rí, ẹ jọ̀ọ́: ṣé ẹsẹ̀ àárín ni kí n dì le, kí ti iwájú àti ẹ̀yìn ní rọ́bà tó rọ̀, àbí òdìkejì? Bí mo bá sì ki páìpù irin sínú rọ́bà kí bóòtì má baà tẹ̀ ẹ́ pa, báwo ni páìpù náà ṣe gbọ́dọ̀ kúrú ju rọ́bà lọ tó?